Orúnkún Délígádò

Orúnkún òyìnbó kan ni àwọn obìnrin náà ń gbàdúrà fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tò yí ká lórí àpáta kan ní Rayfield, nílùú Jos, lẹ́bàá adágún omi tí àwọn awakùsà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lù wọ́n lójú, wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n wé gèlè, omi kò sì kan ẹnu wọn láti àná. Màmá Ojúọlápé ló ṣíwájú wọn. Ó ní, "Orúnkún Délígádò, gba ìwòsàn ní orúkọ Jésù." Àwọn yòókù ké àmín débi pé àwọn ẹyẹ tó bà sórí omi fò lọ.

Ta ni Délígádò? Ohun tí Akinolúwa, àbíkẹ́yìn Màmá Ojúọlápé, sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kan wà nílùú òyìnbó tó ń yan àwọn tí wọn yóò fún ní sìkọ́láṣíìpù, pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń jókòó, àti pé ẹni tó fẹ́ràn òun jù nínú wọn ni Délígádò. Orúnkún ló ń yọ ọkùnrin náà lẹ́nu. Bí orúnkún bá dè é mọ́lé, ta ni yóò gbèjà Akinolúwa? Fáríntà wà níbẹ̀, Kósíkì wà níbẹ̀, ẹni rere ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí tó ń jẹ́ Áńdásìn, ìyẹn burú. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé dé iwájú rẹ̀ ló máa ń dá padà. Ìdí nìyí tí àwọn màmá wọ̀nyí fi ń ké sí Ọlọ́run ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí pé kí ó sọ ọwọ́ Áńdásìn di rírọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi orúkọ ṣe. Ní ìjọ tiwọn, a kì í gbàdúrà fún aláìlórúkọ. Bí o bá ní kí Màmá Ojúọlápé bá ọ gbàdúrà nítorí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, yóò bi ọ́ ní orúkọ ọ̀gá náà, yóò tún bi ọ́ ní orúkọ ìyá tó bí i bí o bá mọ̀ ọ́n. Ó ní àdúrà tí kò lórúkọ dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí a kò sọ ilé tí yóò yà sí fún un. Nítorí náà, nígbà tí Akinolúwa kọ́kọ́ mẹ́nu kan ìgbìmọ̀, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Kí lorúkọ wọn?" Ọmọ náà kò lè dákẹ́. Ó wá orúkọ fún un.

Màmá Ọmọ́yẹmí, ọ̀rẹ́ Màmá Ojúọlápé nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, bi í léèrè nígbà kan pé ṣé òyìnbó náà ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Akinolúwa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Haba, Mama," ó ní, "òyìnbó ìsinsìnyí ti yàtọ̀." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ta ni yóò wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ Màmá Ojúọlápé?

Èkìtì ni bàbá Màmá Ojúọlápé ti wá ṣe tíṣà ní Jos, àdúgbò Hwolshe níbẹ̀ ni wọ́n bí màmá sí, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dadin Kowa ló sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà ti tú ká. Akinolúwa nìkan ló kù sọ́dọ̀ rẹ̀, géńdé ọkùnrin tó jáde ní yunifásítì, tó wá ń tún fóònù ṣe ní ọjà Terminus, tí Hausa yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Kí ọmọ yìí dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, kí ó sì rìn lọ́nà Ọlọ́run, ohun tí obìnrin náà ń tọrọ láyé kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo àwẹ̀ yẹn, nítorí ìyẹn ni.

Bí wọ́n ṣe parí àdúrà ní Rayfield lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù. Màmá Ojúọlápé sọ̀ ní Dadin Kowa kí ó lè ra ọ̀dùnkún áírìṣì tí yóò fi ṣínu nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń tà á fún un ti kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan. Ilé yẹn, ọ̀nà òdìkejì ni màmá máa ń gbà tó bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á, ó ní òun ò ní pẹ́. Ó ń ṣa áírìṣì sínú ọ̀rá lọ́wọ́ ni ariwo sọ nínú ilé tẹ́tẹ́ náà. Orúkọ kan ni wọ́n ń pè.

Délígádò.

Ó rò pé ebi ló ń kọrin sí òun létí. Wọ́n tún pè é. Délígádò, Délígádò. Ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n náà pè é, ó sì ní wọ́n ti gbá a lẹ́sẹ̀, pẹ̀náítì ni. Kò mọ ìgbà tí òun gbé ọ̀rá áírìṣì dání, tí òun gun àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan yẹra fún un, ó ní, "Mama, sannu," bí ẹni pé gbogbo ìyá ìjọ ló máa ń wá síbẹ̀ ní Sátidé.

Ó gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n. Òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ló jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń da omi tútù sí orúnkún rẹ̀. Wọ́n kọ Délígádò sẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Nígbà tó dìde tó na ẹsẹ̀ náà wò, tó sì fò sókè, inú gbogbo ilé dùn pé orúnkún kò ṣe é. Wọ́n gbé kámẹ́rà yí sí gólì tó ń ṣọ́lé. Ọkùnrin gíga kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ńlá ni. Áńdásìn ni wọ́n pè é.

Yéè. Ẹ̀yin ará, ẹnu ya Ojúọlápé, kò lè pa á dé. Ara rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n da omi adágún lé lórí. Àwọn tí òun ń dárúkọ níwájú Ọlọ́run láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí òun ń fi omijé bẹ̀bẹ̀ fún, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ó wá ohun tí ojú òun ń wá, ó sì rí i. Akinolúwa wà ní ìjókòó iwájú, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń sọ pé tí Délígádò bá gbá èyí sọ́run, àwọn ti kú. Akinolúwa fọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá, fọkàn balẹ̀," ó ní. "Màmá mi wà lórí àwẹ̀. Tí màmá mi bá ti wà lórí ẹ̀, wallahi, kò lè má wọlé."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló dúró sí.

Ibi tí màá sọ báyìí, ó ń dà mí láàmú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀mí, ṣé kò yẹ kó pariwo? Ṣé kò yẹ kó fa ọmọ rẹ̀ létí jáde níwájú gbogbo wọn? Délígádò gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ojúọlápé wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀, ó rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe le, ó sì mọ̀ pé gbogbo ohun tí ọmọ náà ní ló wà lórí bọ́ọ̀lù yẹn. Nígbà náà ni ọkàn rẹ̀, láìbi í, sọ pé, Olúwa, jẹ́ kó wọlé.

Ó wọlé. Áńdásìn fò sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù gba apá òsì. Ilé tẹ́tẹ́ náà dàrú. Láàrin ariwo yẹn, Màmá Ojúọlápé gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "O ṣé, Jésù." Kì í ṣe nínú ọkàn o. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ó sì jáde ketekete. Akinolúwa yíjú padà, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin.

Kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe rìn délé ní Hwolshe. Kò rántí áírìṣì mọ́. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn, ìtìjú bò ó, ẹ̀rù bà á, inú sì ń bí i, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ọmọ rẹ̀ tó dé ni fóònù ti dún. Màmá Ọmọ́yẹmí ni, ó ń sunkún ayọ̀. Akinolúwa ti pè é láti Dadin Kowa pé ìgbìmọ̀ ti mú òun. Ó ti sọ fún àwọn màmá yòókù. Pásítọ̀ Jóṣúà, olùṣọ́ ìjọ wọn, pàápàá ti gbọ́, ó sì ní kí ìdílé náà jáde wá dúpẹ́ lọ́la. "Ojúọlápé, ojú ò tì wá," ó ní. Màmá Ojúọlápé gbé fóònù kalẹ̀.

Nígbà tí Akinolúwa wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mama, ẹ má bínú. Sìkọ́láṣíìpù yẹn, mo kọ̀wé béèrè rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín. Ẹ wá ń bi mí ní orúkọ. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí mo ta tẹ́tẹ́ lé lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ló wá sí mi lẹ́nu. Ẹ gbàdúrà, wọ́n sì jẹ. Ni mo bá ní ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ìyá rẹ̀ ní.

"Ó ti tán báyìí. Owó yìí á gbé mi dé ìlú òyìnbó, màá fi sanwó ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹ̀ ń tọrọ náà kọ́ nìyí? Ọ̀nà tó gbà ló yàtọ̀. Àwọn àpọ́sítélì náà ṣẹ́ kèké, Mama. Ó wà nínú Bíbélì."

"Àwọn tó ṣẹ́ kèké, ta ló sọ fún ọ pé wọ́n fi owó lé e? Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n fẹ́ kí ti ẹnìkejì bọ́ sọ́wọ́ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́, Akinolúwa. Àgbà ni ọ́. Bí o bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́, Ọlọ́run pàápàá kò dè ọ́ lọ́wọ́. Ó fún kálukú láyè kó yan tirẹ̀, kó sì ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kò fún mi láyè. O kò fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láyè. Màmá Ọmọ́yẹmí ní ìfúnpá gíga, ó sì ń gbààwẹ̀ lórí àpáta. O mú ẹnu wa, o fi ta tẹ́tẹ́."

Akinolúwa dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀ sùn-ùn.

"Ẹ̀yin náà ní 'O ṣé, Jésù.' Mo gbọ́ yín. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn. Òótọ́ ni. Ìgbà tí kò mọ̀, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tó mọ̀, ó yàn, ohun tó sì yàn nìyẹn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo sọ ọ́. Ìdí nìyí tí n óò fi sọ ọ́ níwájú ìjọ lọ́la. Tèmi nìkan ni mo lè sọ. Tìrẹ, mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Kí o yàn fúnra rẹ."

"Mama, ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ní gbogbo Jos?"

"Mo fẹ́ kí o wà láàyè níwájú Ọlọ́run ni."

Akinolúwa wọ yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ tó ń rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀, ó sì rò pé ọmọ náà ń bá ara rẹ̀ jà. Ọkàn rẹ̀ fà sí ìrètí. Ó ní ọmọ òun ni, òun mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kí òun dá nìkan dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Nígbà tí Pásítọ̀ Jóṣúà pe àwọn ọlọ́pẹ́, àwọn màmá aládùúrà ti dìde kí ó tó sọ ọ́ tán. Akinolúwa jáde pẹ̀lú sùútù tó gbé wọ̀ fún ìgboyè ní yunifásítì. Màmá Ojúọlápé kò jó. Ó rìn lọ síwájú, ó sì ní kí Pásítọ̀ yá òun ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Kò sí ìgbìmọ̀ kankan. Agbábọ́ọ̀lù ni Délígádò. Agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn. Tẹ́tẹ́ la gbààwẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀ títí di àná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá mọ̀, tí mo dúró nínú ilé tẹ́tẹ́, mo ṣì gbàdúrà pé kó wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Ti Akinolúwa, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí lẹ́yìn, àwọn kan bo ẹnu wọn, nítorí wọ́n mọ Délígádò dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ nǹkan kan. Màmá Ọmọ́yẹmí gbé ọwọ́ lé àyà, àwọn màmá tó kù ń wo ara wọn. Ẹ̀rù ló wà lójú wọn. Bí ohun tí wọ́n gbọ́ yìí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àwọn náà ló ta tẹ́tẹ́.

"Akinolúwa," Pásítọ̀ Jóṣúà ní, "kí ni màmá ń sọ yìí?"

Akinolúwa la ẹnu. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó sì rí òtítọ́ ní ẹ̀bá ètè rẹ̀. Mo ní ó rí i. Ìyá kì í ṣi ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó ṣe bí ẹni mi orí sí i díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ náà ń kọ́ ìwé kà. Nígbà náà ni Akinolúwa wo àwọn màmá, ó wo sùútù ara rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Nígbà tó máa tún un là, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ bá mi bẹ Màmá mi, sà," ó ní. "Ara wọn kò yá láti àná. Àwẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún ọjọ́ orí wọn. Wọ́n yà níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n gbọ́ Délígádò, wọ́n rò pé òun ni. Délígádò pọ̀ lọ́hùn-ún bí a ṣe ní Adé níbí. Ti ìgbìmọ̀ tèmi, ọ̀jọ̀gbọ́n ni."

Ẹ wo irọ́ tó gún régé. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ojúọlápé rí bí ìtura ṣe bo ojú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tí kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ìjọ náà, òun ni wọ́n ń fi àánú wò báyìí. Màmá Ọmọ́yẹmí ní, "Mo sọ fún un kó mu kókó díẹ̀ sẹ́nu." Ẹlòmíràn gbé àga wá. Wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ara mi yá," ó ní. "Ẹ fetí sí mi, orí mi pé." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń ní "Pẹ̀lẹ́, Mama, pẹ̀lẹ́."

Pásítọ̀ Jóṣúà ní kí àwọn màmá aládùúrà gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń bá a bá ẹ̀mí ìdàrúdàpọ̀ wí. Gbogbo àmín tí wọ́n ń ṣe, ti ọmọ rẹ̀ ló ròkè jù. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá ọmọ náà lọ. Láàrin gbogbo ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó mọ ti Akinolúwa láìwò ó. Ó di ọwọ́ náà mú, ó sì gbé e kúrò lórí òun.

"Akinolúwa," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "o ti yàn."

Ó dìde lórí àga. Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àárín ìjókòó jáde, wọ́n sì yẹ̀nà fún un bí a ti ń yẹ̀nà fún aláìsàn. Kò tíì dé géètì tí wọ́n fi gbé orin ọpẹ́. Ó wẹ̀yìn wò láti ẹnu ọ̀nà. Akinolúwa ló ṣíwájú wọn tó ń jó lọ síbi pẹpẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀, Màmá Ọmọ́yẹmí sì ń bá a nù ún, ó rò pé omijé ayọ̀ ni.